Kò Fa Àṣẹ Lé Ẹnikẹ́ni Lọ́wọ́

[Àfikún sí ẹ̀bẹ̀ tí èmi, Corporal Morẹ́nikẹ́ Ìbídàpọ̀, kọ sí ìgbìmọ̀ ìgbéga ẹgbẹ́ ológun orí kọ̀ǹpútà wa. Ìpè ìrọ̀lẹ́ Sátidé, aago mẹ́fà ku ogún ìṣẹ́jú. MORẸ́NIKẸ́ wà nílé ní Mayfair, Ilé-Ifẹ̀. DÁMILỌ́LÁ, ìyẹn Sergeant Major Ọ̀ṣúndáre, wà nínú ọkọ̀ tó ń lọ sí Ìpetumodù. Fóònù mi ló gba ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, èmi ni mo kọ ọ́ jáde. Mi ò yọ ibi tí inú ti bí mi kúrò.]

[Fóònù ń dún. Ariwo ọkọ̀.]

DÁMILỌ́LÁ: Hẹ́lò? Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà.

MORẸ́NIKẸ́: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Sergeant Major. Ẹ kú ìrìn o. Ṣé ẹ ti dé Ìpetumodù?

DÁMILỌ́LÁ: Rárá o, a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde ní Ifẹ̀ ni. Dẹ́rẹ́bà ló ń gbé ẹrù káàkiri. Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, bátìrì mi ti ń lọ sílẹ̀. Ṣé kò sí?

MORẸ́NIKẸ́: Kò sí. Mọ́mì ńkọ́?

DÁMILỌ́LÁ: Wọ́n wà, mà. Ọ̀dọ̀ wọn ni mò ń lọ.

MORẸ́NIKẸ́: Ẹ bá mi kí wọn. Ẹ ní ọ̀rẹ́ wọn ní Mayfair ń kí wọn. Iná ò tíì dé ládùúgbò wa o. Láti nǹkan bí aago mẹ́rin ààbọ̀.

DÁMILỌ́LÁ: Hẹn. Ẹ pẹ̀lẹ́, mà.

MORẸ́NIKẸ́: Ẹ ṣeun. Mo rí ohun tí ẹ kọ síwájú orúkọ mi.

DÁMILỌ́LÁ: Ẹ ti rí i.

MORẸ́NIKẸ́: Orí fóònù ni mo ti rí i. "Failed." Ẹ tún fi pupa kọ ọ́.

DÁMILỌ́LÁ: Kọ̀ǹpútà ló ń fi pupa sí i fúnra rẹ̀. Àǹtí—

MORẸ́NIKẸ́: Lórí ọ̀rọ̀ yìí, Corporal ni mí. Ẹ ka ohun tí ẹ kọ sínú log fún mi.

DÁMILỌ́LÁ: Mo wà láàárín èèyàn, mà. Wọ́n ń gbọ́.

MORẸ́NIKẸ́: Kí wọ́n gbọ́.

DÁMILỌ́LÁ: "Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógún. Corporal Ìbídàpọ̀ kúrò lójú ogun. Kò fa àṣẹ lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́."

[Ohùn obìnrin kan nínú ọkọ̀: "Ogun ibo nìyẹn, ẹ̀gbọ́n?"]

DÁMILỌ́LÁ: Eré ni, mà. Orí kọ̀ǹpútà ni. Kò sí ogun kankan.

MORẸ́NIKẸ́: Kúrò lójú ogun. Bí ẹni pé mo dìde lọ jẹun.

DÁMILỌ́LÁ: Bí a ṣe máa ń kọ ọ́ nìyẹn. Orúkọ yín ti kúrò lójú ìwé, mi ò sì gbọ́ kí ẹ fa àṣẹ lé—

MORẸ́NIKẸ́: Iná ló lọ, Sergeant Major. Kọ̀ǹpútà mi ò ní bátìrì mọ́ láti ọdún tó kọjá, wáyà ló ń gbé e ró. Ìṣẹ́jú kẹrìnlélọ́gọ́rin ni mo wà. Ó ku mẹ́fà. Mẹ́fà péré. Ṣé ẹ gbọ́ mi?

DÁMILỌ́LÁ: Mo gbọ́ "mẹ́fà". Ẹ tún un sọ, mà, ó ń já.

MORẸ́NIKẸ́: Mo ní ó ku ìṣẹ́jú mẹ́fà. Ẹ jẹ́ ká jọ kà á. Kí Corporal tó di Sergeant, kí ni wọ́n ní kó ṣe? Oṣù mẹ́fà nípò Corporal ńkọ́?

DÁMILỌ́LÁ: Ẹ ti kọjá ìyẹn.

MORẸ́NIKẸ́: Ìdánwò máàpù?

DÁMILỌ́LÁ: Ẹ yege. Ẹ̀yin lẹ ṣe ìkejì.

MORẸ́NIKẸ́: Kí n kọ́ Recruit méjì títí wọ́n á fi di Private.

DÁMILỌ́LÁ: Ẹ kọ́ márùn-ún, mà. Mo mọ gbogbo ẹ̀.

MORẸ́NIKẸ́: Parade ọjọ́ Sátidé. Ṣé mo pa kan jẹ rí?

DÁMILỌ́LÁ: Ẹ ò pa kan jẹ. Ó ku kí ẹ darí ogun kan fún àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú. Bí nǹkan bá sì mú yín kúrò níbẹ̀, kí ẹ ti fa àṣẹ lé ẹlòmíì lọ́wọ́. Ìyẹn nìkan ló kù.

MORẸ́NIKẸ́: Ẹ̀ẹ̀melòó ni mo ti darí ogun yẹn?

DÁMILỌ́LÁ: Tòní ni ẹ̀ẹ̀kẹrin.

MORẸ́NIKẸ́: Ìgbà àkọ́kọ́, iná lọ. Ìgbà kejì, nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ìgbà kẹta, òjò dé, ohun gbogbo kú pọ̀. Mo gbà nígbà yẹn. Mi ò pè yín, àbí mo pè?

DÁMILỌ́LÁ: Ẹ ò pè. Àmọ́ òfin ni, mà, èmi kọ́ ni mo kọ ọ́. Commander Láoyè ló kọ ọ́.

MORẸ́NIKẸ́: Níbo ni Commander Láoyè ń gbé?

DÁMILỌ́LÁ: Canada.

MORẸ́NIKẸ́: Ṣé iná máa ń lọ ní Canada?

DÁMILỌ́LÁ: Mi ò mọ̀, mà. Mi ò dé bẹ̀ rí.

[Họ́ọ̀nù. Ìlà ń já.]

MORẸ́NIKẸ́: Ṣé ẹ gbọ́ mi?

DÁMILỌ́LÁ: Mo ń gbọ́, mà. Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ dìgbà tí mo bá délé—

MORẸ́NIKẸ́: Kí lẹ mọ̀ pé yóò ṣẹlẹ̀ ní aago mẹ́fà?

DÁMILỌ́LÁ: Àǹtí.

MORẸ́NIKẸ́: Ẹ sọ ọ́.

DÁMILỌ́LÁ: Oṣù mẹ́fà yín máa pé lórí Section Three. Corporal ò gbọdọ̀ di section mú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí ẹ ò bá tíì di Sergeant, yóò bọ́ sọ́wọ́ Sergeant Akínkúnlé.

MORẸ́NIKẸ́: Ìgbà wo lẹ gbọ́ ohùn Akínkúnlé gbẹ̀yìn?

DÁMILỌ́LÁ: Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta kan.

MORẸ́NIKẸ́: Ṣáájú Iléyá ni. Èèyàn mẹ́jọ, tí mo kọ́ láti orí bí wọ́n ṣe ń di ìbọn inú kọ̀ǹpútà mú. Òun náà ló máa wá kó wọn. Kò mọ orúkọ ẹnì kan nínú wọn.

DÁMILỌ́LÁ: Mo mọ̀ pé ó dùn yín—

MORẸ́NIKẸ́: O ò mọ̀. Ìwọ Dámilọ́lá yìí, o ò mọ̀. Ṣé o gbọ́ mi?

DÁMILỌ́LÁ: Mà.

MORẸ́NIKẸ́: [Ó mí kanlẹ̀.] Ẹ má bínú, Sergeant Major.

DÁMILỌ́LÁ: Kò tọ́ bẹ́ẹ̀, mà.

MORẸ́NIKẸ́: Ogún ọdún ni mo ti ń tẹ ìwé ní ọ́fíìsì kan náà. Mo ti kọ́ èèyàn mẹ́ta bí wọ́n ṣe ń tan kọ̀ǹpútà, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti di ọ̀gá mi. Wọn kì í sọ ohun tó kù kí n ṣe fún mi. Wọ́n á ṣáà ní kí n ṣe sùúrù. Ibi tiyín yìí nìkan ni mo ti rí i tí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, pé ṣe èyí, ṣe tọ̀hún, a óò gbé ẹ ga. Mo gbà á gbọ́. Mo ṣe gbogbo rẹ̀. Ẹ wò ó, ó dùn mí. Eré ni, mo mọ̀, àmọ́ ó dùn mí wọra.

[Ariwo ọkọ̀ fúngbà díẹ̀.]

DÁMILỌ́LÁ: Ṣé ẹ rò pé ó rọrùn fún mi ni? Ọmọ ọdún méjìlélógún ni mí. Ọ̀rẹ́ mọ́mì mi ni yín. Ẹ ti rọ mí lóúnjẹ rí. Wọ́n ti ń sọ ọ́ nínú group pé Àǹtí mi ni yín, pé màá fi ẹ̀yìn pọ̀n yín wọlé. Ìdí tí mo fi tẹ̀ lé òfin bó ṣe wà gẹ́lẹ́ nìyẹn.

MORẸ́NIKẸ́: Mi ò ní kí ẹ pọ̀n mí. Mo ní kí ẹ dá mi lóhùn. Lẹ́yìn tí iná lọ, kí ni Section Three ṣe?

DÁMILỌ́LÁ: Wọ́n ń bá iṣẹ́ lọ.

MORẸ́NIKẸ́: Ta ló ń darí wọn?

DÁMILỌ́LÁ: Private Hàjàrá.

MORẸ́NIKẸ́: Hàjàrá tó ń ránṣọ ní Edunabon. Tí kò la ẹnu sọ̀rọ̀ fún oṣù mẹ́rin gbáko. Bí a bá bi í ní nǹkan, á tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́. Kí ló sọ?

DÁMILỌ́LÁ: Ṣé kí n sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́?

MORẸ́NIKẸ́: Bó ṣe sọ ọ́.

DÁMILỌ́LÁ: Ó ní, "Section Three, Corporal ti lọ. Èmi Hàjàrá ni. Ọwọ́ mi ni àṣẹ wà. Ẹ má dúró."

MORẸ́NIKẸ́: Ṣé ohùn rẹ̀ gbọ̀n?

DÁMILỌ́LÁ: Kò gbọ̀n. Ó yà mí lẹ́nu pàápàá.

MORẸ́NIKẸ́: Mélòó nínú wọn ló padà délé láàyè?

DÁMILỌ́LÁ: Gbogbo wọn.

MORẸ́NIKẸ́: Ta ló wá fún Hàjàrá láṣẹ? Ṣé ó jí i ni?

[Ìlà dákẹ́.]

MORẸ́NIKẸ́: Ṣé ẹ gbọ́ mi?

DÁMILỌ́LÁ: Mo gbọ́, mà. Mò ń ronú ni.

MORẸ́NIKẸ́: Láti ìgbà kẹta yẹn, tí òjò bà á jẹ́, ni mo ti ń kọ́ Hàjàrá. Sátidé gbogbo, kí ogun tó bẹ̀rẹ̀, mo máa ń sọ ọ́ létí gbogbo wọn. Bí ẹ bá ka ení dé ẹ̀wá tí ẹ ò gbọ́ ohùn mi, Hàjàrá ló ni yín. Mo sọ ọ́ lónìí náà. Mo mọ ibi tí mò ń gbé, Dámi. Ta ló máa ń ráyè dágbére kí iná tó lọ?

DÁMILỌ́LÁ: Kò sí nínú log.

MORẸ́NIKẸ́: Ó wà nínú ohùn tí kọ̀ǹpútà gbà sílẹ̀. Ìṣẹ́jú méjì kí a tó jáde.

DÁMILỌ́LÁ: Mi ò gbọ́ apá yẹn. Ìgbà tí ogun bẹ̀rẹ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́.

MORẸ́NIKẸ́: Mo mọ̀. Ìdí tí mo fi pè yín nìyẹn.

DÁMILỌ́LÁ: Ẹ dúró ná. "Kí ó ti fa àṣẹ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́." Kò sọ pé ìgbà tó bá fẹ́ lọ gan-an. "Kí ó ti fà á" ló wí. Ẹ ti fà á nìyẹn. Gbogbo wọn sì mọ̀, torí kò sẹ́ni tó bá Hàjàrá jiyàn.

MORẸ́NIKẸ́: Ẹ ṣeun.

DÁMILỌ́LÁ: Àǹtí, èmi ni mo ṣe àṣìṣe. Ẹ yege.

MORẸ́NIKẸ́: Ẹ tún un sọ, ó ń já.

DÁMILỌ́LÁ: Mo ní ẹ yege. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sunkún.

MORẸ́NIKẸ́: Mi ò sunkún. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án kí aago mẹ́fà lù. Ẹ lọ buwọ́ lù ú.

DÁMILỌ́LÁ: Ojú ìwé yẹn kì í ṣí lórí fóònù. Títí n óò fi délé—

MORẸ́NIKẸ́: Yàtọ̀ sí yín, ta ló lè buwọ́ lù ú?

DÁMILỌ́LÁ: Staff Sergeant Fàòsíyà, akọ̀wé wa. Orí kọ̀ǹpútà ló wà báyìí. Tí mo bá ti ní kó dúró fún mi, á buwọ́ lù ú.

MORẸ́NIKẸ́: Ṣé ẹ ti ní kó dúró fún yín?

DÁMILỌ́LÁ: Màá sọ fún un.

MORẸ́NIKẸ́: Bátìrì yín ńkọ́?

DÁMILỌ́LÁ: Ó ku two percent.

MORẸ́NIKẸ́: Ẹ gé ìpè yìí, kí ẹ tẹ message sí Fàòsíyà. Gbólóhùn kan ṣoṣo. Ẹ gé e báyìí.

DÁMILỌ́LÁ: Mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ka ìpinnu fún yín, mà. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ni wọ́n máa ń kà á fún ṣáájú—

MORẸ́NIKẸ́: Mo ti gbọ́ ọ. Ẹ gé e.

DÁMILỌ́LÁ: Kí wọ́n má baà ní mo ṣojúsàájú. Mo fẹ́ kó mọ́. Kò ní pẹ́ rárá, ẹ gbọ́: "Èmi, Sergeant Major Ọ̀ṣúndáre Dámilọ́lá, lẹ́yìn tí mo ti gbé iṣẹ́ Corporal Ìbídàpọ̀ yẹ̀ wò—"

MORẸ́NIKẸ́: Dámilọ́lá, gé fóònù.

DÁMILỌ́LÁ: "—tí mo sì ti rí i pé ó ṣe gbogbo ohun tí òfin bèèrè, mo fi àṣẹ tí ó wà lọ́wọ́ mi—"

[Ariwo ọkọ̀ dáwọ́ dúró lójijì. Bátìrì rẹ̀ ti tán; ìlà dákẹ́, ìpè kò tíì já lọ́dọ̀ tèmi.]

MORẸ́NIKẸ́: Hẹ́lò? Sergeant Major, ṣé ẹ gbọ́ mi?

[Kò sí ohùn.]

MORẸ́NIKẸ́: Dámi. Ṣé o gbọ́ mi?

[Kò sí ohùn.]

MORẸ́NIKẸ́: Ení. Èjì. Ẹ̀ta. Ẹ̀rin. Àrún. Ẹ̀fà. Èje. Ẹ̀jọ. Ẹ̀sán. Ẹ̀wá.

[Kò sí ohùn.]

MORẸ́NIKẸ́: Aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú méje. Sergeant Major Ọ̀ṣúndáre kúrò lójú ogun. Kò fa àṣẹ lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

[Ìpè já.]