Orúkọ Tí Ajá Ń Jẹ́ Lẹ́yìnkùlé

[Post office Ọ̀wọ̀. Kírrr. Kírrr. Ìlà fóònù ń hó bí ìkòkò tó wà lórí iná.]

BONIFACE: Àkúrẹ́! Àkúrẹ́, Ọ̀wọ̀ ló ń pè o! Ẹ máa sọ̀rọ̀, sà. Ẹ má pẹ́ o, ẹlòmíràn ń dúró de fóònù.

SYLVANUS: Hẹ̀lóò! Sísì Margaret! Ẹ káàsán mà! Sylvanus ni, àbúrò yín!

MARGARET: Sylvanus? Hospital lo pè mí sí? Ta ló kú?

SYLVANUS: Kò sẹ́ni tó kú o! Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Ọkọ yín ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́?

MARGARET: Wọ́n wà. Theresa ìyàwó rẹ ńkọ́?

SYLVANUS: Ó wà mà. Ó ń fọ kápẹ́ẹ̀tì.

MARGARET: Kápẹ́ẹ̀tì tuntun yẹn?

SYLVANUS: Kì í ṣe tuntun mọ́ mà.

MARGARET: Sylvanus, Matron ló ni fóònù yìí, oúnjẹ ló lọ jẹ. Sọ ohun tó o fẹ́ sọ.

SYLVANUS: Ṣé ẹ rántí ọmọ ajá tí ẹ fún mi?

MARGARET: Ó kú?

SYLVANUS: Ì bá ti— rárá o. Ó wà láàyè. Ó wà láàyè ju gbogbo wa lọ. Ó ń tọ̀ sílé ni.

MARGARET: Ó ń kí ni? Ìlà ń já. Ṣé o gbọ́ mi?

SYLVANUS: Ó ń TỌ̀! Nínú PÁLỌ̀!

[Ẹ̀rín àwọn ènìyàn.]

MARGARET: Àwọn wo nìyẹn?

SYLVANUS: Àwọn tó wá ra sítáǹpù. Ẹ má dá wọn lóhùn.

MARGARET: Gbogbo ọmọ ajá ló ń tọ̀ sílé. Tó bá jẹun tán, gbé e síta. Tó bá tọ̀ síta, yìn ín, fún un ní nǹkan jẹ. Kí ló le níbẹ̀?

SYLVANUS: Kò gbọ́ràn ni. Mo ní, "Duke, out!" Ó wò mí bí adájọ́ ṣe ń wo olè. Mo ní, "Duke, this is not done!" Ó jókòó.

MARGARET: Kí ló dé tó o fi ń bá a sọ Gẹ̀ẹ́sì?

SYLVANUS: Ṣebí ilé òyìnbó ni ìyá rẹ̀ ti wá—

MARGARET: Ìyá rẹ̀! Òun ńkọ́? Ẹ̀yìn ilé ìdáná mi la bí i sí. Kò rí òyìnbó rí!

SYLVANUS: Mo rò pé ó máa wà nínú ẹ̀jẹ̀.

MARGARET: Olúwa ò.

SYLVANUS: Sísì, mo mọ̀ bí mo ṣe rí. Èmi tí mo kọ́ gbogbo ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní kí wọ́n máa nawọ́, kí wọ́n ní "Excuse me, sir," kí wọ́n tó jáde lọ tọ̀. Free education kó wọn dé bí eéṣú, gbogbo wọn ló sì mọ̀ ọ́n. Ẹyọ kan tó ń bá mi gbélé ni kò mọ̀ ọ́n.

MARGARET: Torí ìyẹn lo ṣe lọ sí post office?

SYLVANUS: Mo gbé e dání.

MARGARET: O gbé kí ni dání?

SYLVANUS: Duke. Ó wà níbí, mo fi okùn sí i lọ́rùn. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ tọ́ ọ. Mo ní tó bá gbọ́ ohùn yín— mo fẹ́ gbé fóònù sí i létí, kí ẹ pàṣẹ fún un.

MARGARET: Sylvanus Ajíbóyè. Ìwọ, Headmaster.

SYLVANUS: Mo mọ̀.

MARGARET: O gbé ajá wá láti wá gba trunk call.

SYLVANUS: Nígbà tí mo rò ó nílé, ó jọ ọgbọ́n.

BONIFACE: Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó ń dúró lẹ́yìn yín—

SYLVANUS: Kó dúró! Kò sẹ́ni tí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ le tó tèmi lónìí. Sísì, ó ti wà létí rẹ̀.

MARGARET: Ẹ wo ohun tí mo dà. Duke! Duke! Síta! Out!

[Ìmí ajá. Ohun tútù kan ń fa gbùrùrù lórí fóònù.]

SYLVANUS: Ó ti lá a.

BONIFACE: Sà! Ohun ìní ìjọba nìyẹn!

MARGARET: Gbé e lọ sílé, jàre. Fi sùúrù kọ́ ọ. Bó pẹ́ títí, á mọ̀ ọ́n.

SYLVANUS: Kò sáyè sùúrù. Ìrọ̀lẹ́ òní ni wọ́n ń bọ̀.

MARGARET: Àwọn wo?

SYLVANUS: Àwọn tó fẹ́ wá tọrọ Mojí.

MARGARET: Mojí wo? Mojí wa? Wọ́n ń bọ̀ wá tọrọ ọmọ wa, ajá lo kọ́kọ́ bá mi sọ?

SYLVANUS: Mò ń bọ̀ níbẹ̀ ni, Sísì—

MARGARET: Ajá lo kọ́kọ́ dárúkọ! Èmi tí mo gbẹ̀bí ọmọ náà!

SYLVANUS: Ẹ má bínú mà. Ó yá wọn lójijì ni. Akínwọlé lorúkọ ọmọkùnrin náà, ó ń ṣiṣẹ́ ní Secretariat n'Ìbàdàn. Ọmọ gidi. Mojí ní bí kò bá ṣe ọmọkùnrin yìí, òun ò lọ́kọ.

MARGARET: Akínwọlé ọmọ ta?

[Ìlà ń hó.]

SYLVANUS: Ọmọ— ṣé ẹ gbọ́ mi?

MARGARET: Mo gbọ́ ọ kedere. Ọmọ ta?

SYLVANUS: Ọmọ Bàbá Ọbayẹmí.

MARGARET: Ọbayẹmí tó ń ra kòkó? Tó kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé rẹ?

SYLVANUS: Tó ṣí fèrèsé kọjú sí balùwẹ̀ mi. Òun náà ni.

MARGARET: Ẹ̀yin tí ẹ ò kí ara yín mọ́? Háà, Ọlọ́run ló fẹ́ parí ìjà yín o! Kí ló wá kan ajá níbẹ̀? So ó mọ́lẹ̀ lẹ́yìnkùlé títí wọ́n á fi lọ.

SYLVANUS: Tí mo bá so ó, á máa ké bí ẹni tí wọ́n fẹ́ pa. Tí mo bá tú u sílẹ̀, bàtà àlejò ló ń wá kiri. Ó ti tọ̀ sí ti Catechist. Sísì, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń mú un jáde síta.

MARGARET: Sọ ọ̀rọ̀ náà fún un nígbà náà!

SYLVANUS: Orúkọ rẹ̀ kejì ni.

MARGARET: Ó ní orúkọ kejì?

SYLVANUS: Duke ni ti pálọ̀. Èkejì ni ti ẹ̀yìnkùlé.

MARGARET: Sylvanus. Kí lo sọ ajá yẹn?

SYLVANUS: Ta ni kì í fi orúkọ ajá bá aládùúgbò sọ̀rọ̀, Sísì? Bàbá wa náà ṣe é. Ẹlẹ́nu-ò-ní-simi ńkọ́? Ṣebí ajá bàbá wa ni—

MARGARET: Mo ní kí lo sọ ọ́?

SYLVANUS: [kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́] Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì-ò-kan-ọ̀run.

MARGARET: Mi ò gbọ́.

SYLVANUS: Mi ò lè pariwo rẹ̀ níbí.

MARGARET: Ìlà ń já! Ṣé o gbọ́ mi? Kí lo sọ ọ́?

SYLVANUS: PẸ̀TẸ́Ẹ̀SÌ-Ò-KAN-Ọ̀RUN!

[Ajá gbó. Èékánná ń ha sìmẹ́ǹtì. Nǹkan kan wó lulẹ̀.]

SYLVANUS: Ẹ rí i! Ó ń fà mí lọ síta! Dúró— wáyà fóònù ò gùn tó bẹ́ẹ̀— jókòó, jọ̀ọ́!

MARGARET: [ń rẹ́rìn-ín] Ó gbọ́ ọ, lóòótọ́!

SYLVANUS: Báwo ni kò ṣe ní gbọ́? Ìrọ̀lẹ́ gbogbo ni mò ń dúró lẹ́yìnkùlé, màá kọjú sí fèrèsé ọkùnrin yẹn, màá fi gbogbo ohùn tí mo fi ń pàṣẹ fún ilé-ìwé pè é. Ajá á sáré dé, á jẹ ẹja gbígbẹ lọ́wọ́ mi, á tọ̀ sídìí ọgbà. Mo rò pé Ọbayẹmí ni mò ń kọ́ lẹ́kọ̀ọ́. Ajá ló ń gba ẹ̀kọ́ náà.

MARGARET: Mojí ńkọ́? Ibo ló ti rí ọmọ tó ń gbé Ìbàdàn?

SYLVANUS: Ó wálé fún leave. Bí mo bá ti pariwo, á yọjú lójú fèrèsé òkè láti wo ẹni tó ń bú bàbá òun. Mojí á jáde wá bẹ̀ mí pé kí n dákẹ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn. Ẹnu mi ni mo fi pè wọ́n jáde, Sísì. Bí ẹni ń ka register.

MARGARET: Ìyà tó tọ́ sí ọ ni.

SYLVANUS: Ìrọ̀lẹ́ òní ńkọ́? Tí mo bá pè é, mo ti bú àna mi lójú gbogbo ẹbí rẹ̀. Tí mi ò bá pè é, ajá á tọ̀ sí àna mi lẹ́sẹ̀. Mojí ní tí mo bá ba ọ̀rọ̀ yìí jẹ́, òun ò ní bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ láyé.

MARGARET: Yí orúkọ náà padà. Máa pè é ní Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì-dára.

SYLVANUS: Mo dán an wò láàárọ̀. Ó wò mí lójú, ó tọ̀ sí mi ní ṣòkòtò.

BONIFACE: Àkókò ti ń tán, sà. Sà, Bàbá tó wà lẹ́yìn yín ní kí n—

SYLVANUS: Boniface! Mo ní kó dúró!

MARGARET: Bàbá wo ló wà lẹ́yìn rẹ?

SYLVANUS: Mi ò wẹ̀yìn. Ajá yìí ni mò ń wò, ó ti ń yípo. Tó bá ti ń yípo báyìí— ó ti rí bàtà kan. Ó ń gbóòórùn rẹ̀. Bàtà dúdú òun funfun. Sísì.

MARGARET: Kí ni?

SYLVANUS: Mo mọ bàtà yìí.

MARGARET: Ti ta ni?

SYLVANUS: Ìsàlẹ̀ ni mo ti máa ń rí i, tó bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.

MARGARET: Yéè!

SYLVANUS: Ẹ… ẹ káàsán, sà.

BÀBÁ ỌBAYẸMÍ: [lẹ́yìn] Káàsán, Headmaster. Akínwọlé ni mo fẹ́ pè n'Ìbàdàn, kí n sọ fún un pé ilé yín là ń lọ nírọ̀lẹ́.

MARGARET: Ibo ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́?

SYLVANUS: Ó ní láti orí "ó ń tọ̀."

MARGARET: Ajá ńkọ́?

SYLVANUS: Ó ti ń lóṣòó. Lórí bàtà náà gan-an.

MARGARET: Pè é!

SYLVANUS: Lójú ẹni tó ni—

MARGARET: Mo ní pè é! Ṣé o gbọ́ mi?

SYLVANUS: Duke, please—

BÀBÁ ỌBAYẸMÍ: Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì-ò-kan-ọ̀run! Ó yá, síta!

[Èékánná ń sáré. Ilẹ̀kùn gbá. Ariwo ẹ̀rín.]

SYLVANUS: Ó lọ. Sísì, ó já okùn mọ́ mi lọ́wọ́, ó lọ. Ó wà níta. Ó ń tọ̀ sí— síta!

MARGARET: Ta ló pè é?

SYLVANUS: Ẹni tí mo fi orúkọ náà bú.

BÀBÁ ỌBAYẸMÍ: Headmaster, o rò pé ẹja rẹ nìkan ló ń jẹ? Tó o bá ti pariwo báyẹn, egungun lèmi náà ń jù sí i láti òkè.

SYLVANUS: Ó ní òun ń ju egungun sí i.

MARGARET: Mo gbọ́ ọ! Tọrọ àforíjì!

SYLVANUS: Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọwọ́ wọ́nú—

BÀBÁ ỌBAYẸMÍ: Kí ni mo fẹ́ bínú sí? Òtítọ́ ni orúkọ náà. Mo ti gun òkè ilé yẹn, mo nawọ́, ọwọ́ mi ò kan nǹkan kan. Àmọ́ kí ìyàwó wa mú ajá yìí dání wá sọ́dọ̀ wa. Èmi ni n ó máa pè é láti òkè, ìwọ á máa gbọ́ ọ nísàlẹ̀.

MARGARET: Kí ló wí? Ṣé ó gbà? Ṣé o gbọ́ mi?

SYLVANUS: Ó fẹ́ gba Duke, Sísì.

MARGARET: Fún un!

SYLVANUS: Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń gbọ́ràn—

MARGARET: Ta ló ń gbọ́ràn sí lẹ́nu? Fún un kíá!

SYLVANUS: Ó ti ń padà bọ̀ wọlé. Duke! Duke, come! Come to Daddy!

[Èékánná ń bọ̀ jẹ́jẹ́. Ó dúró.]

MARGARET: Ó wá?

SYLVANUS: Ó ti jókòó sórí bàtà.

MARGARET: Bàtà ta?

SYLVANUS: Kì í ṣe tèmi.

BONIFACE: Time, sà.

SYLVANUS: Ó dáa. Bàbá, mo gbà. Ẹ mú Duke. Ẹ mú Mojí náà.

MARGARET: Sylvanus! Ajá lo tún kọ́kọ́ dárúkọ! Sylvanus, ṣé o gbọ́—

[Ìlà já.]