Eyín Ló Ń Dùn Ún

Láyé ìgbà tí owó epo ń ṣàn l'Ékòó tí omi ẹ̀rọ kò ṣàn, mo tò sẹ́yìn màmá àgbàlagbà kan nídìí ẹ̀rọ omi ní Ìsọlọ̀. Obìnrin tí wọ́n jọ ń gbélé dúró tì í pẹ̀lú ọmọbìnrin rẹ̀ tó jẹ́ adití, ó ń fọwọ́ bá ọmọ náà sọ̀rọ̀.

Màmá ní, "O ò ní jáwọ́ nínú ọwọ́ jíjù yìí? Tó bá mọ́ ọn lára, kò ní lanu sọ̀rọ̀ mọ́. Ṣé o ti fi agogo bu omi fún un mu kó lè fọhùn?"

"A bu ú títí, Màmá. Ó jọ pé agogo gan-an ló yadi. Èdè ọwọ́ tí wọ́n ń kọ́ ọmọ yìí nílé ìwé ni mo ń lọ kọ́ ní Sátidé."

"Kí ló wá fi sọ?"

"Ẹ rántí ọdún tó kọjá, tó ń sunkún tọ̀sán-tòru, tẹ́ ẹ ní àgídí ni, tẹ́ ẹ ní kí n nà án, tí mo sì nà án?"

"Mo rántí."

"Àná ló tó rí i sọ fún mi. Ó ní eyín ló ń dun òun."

Ìlà sún síwájú, Màmá kò sún.

"Eyín," ló sọ. "Báwo ni wọ́n ṣe ń fọwọ́ sọ pé pẹ̀lẹ́?"

Obìnrin náà di ẹ̀ṣẹ́, ó gbé e lé àyà, ó ń yí i po. Màmá gbé garawa sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ọmọ náà, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọmọ náà wò ó, ó na ọwọ́, ó bá a tún àtàǹpàkò rẹ̀ ṣe.