Mọ́tò Tó Ń Yí Sápá Òsì

Túnráyọ̀, fa àga yẹn mọ́ra kí o jókòó. Láwùmí, ìwọ náà má jáde. Ìyàwó mi ni ọ́, ṣùgbọ́n o kò gbọ́ èyí rí. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Tèmi kò tíì lo ogún, márùn-ún péré ni, ó sì ti rẹ̀ mí. Dókítà sọ pé ọkàn mi kò lù dáadáa mọ́, àmọ́ èmi ti mọ̀ kí ó tó sọ. Bí mo bá ti dijú báyìí, mo máa ń gbọ́ àgbá bàbá rẹ, Túnráyọ̀, tó ń yí òkúta nínú omi, wàràwàrà, wàràwàrà, bí òjò tí kò fẹ́ dá. Inú ariwo náà ni mò ń gbé láti ìgbà tí àìsàn yìí ti dé mí mọ́lẹ̀.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dára. Díákónì Adéróunmú, bàbá rẹ, ni ẹnì kan ṣoṣo tí mo mọ̀ ní Bódìjà tó ń gé òkúta iyebíye nínú ilé ara rẹ̀. Ẹ̀rọ wọn dàgbà ju èmi lọ: ayùn rìbìtì kan tó ń la òkúta nínú epo, àti àgbá kékeré méjì tó máa ń yí òkúta fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mẹ́rin, bí iná bá gbà, títí ara rẹ̀ yóò fi dán. Ìwọ lo máa ń fi nọ́ọ̀tì de ayùn mọ́ ọ̀pá rẹ̀. Bàbá rẹ á gbé òkúta aláwọ̀ ewé sókè síwájú oòrùn, wọ́n á di ojú òsì, wọ́n á ní, "Jóṣúà, wá wo odò nínú òkúta." Èmi kò rí odò kankan, ṣùgbọ́n mo máa ń dúró wò ó pẹ́, ara mi á sì fúyẹ́.

Ìparí ọdún 1993 ni mọ́tò ayùn náà jó. Kì í ṣe mọ́tò tí à ń wọ̀ ni mò ń wí o. Èyí tí iná ń yí, tí òun náà ń yí ayùn. Gbogbo Dùgbẹ̀ ló mọ̀ pé títún irú rẹ̀ ṣe niṣẹ́ mi. Ẹnu mi kò sì mọ níwọ̀n. Mo ní, "Díákónì, sà, kò sí mọ́tò tí Jóṣúà kò lè rí." Mo fi okùn wọn ọ̀pá irin tó yọ lórí èyí tó jó, mo so okùn náà mọ́ ọrùn ọwọ́, mo wá ń fi wọn gbogbo mọ́tò àlòkù láti Dùgbẹ̀ dé Ring Road: ti ẹ̀rọ tó ń fa omi, ti ẹ̀rọ ìfọṣọ, ti ẹ̀rọ ata. Eléyìí sanra jù, tọ̀hún tín-ín-rín jù. Oṣù méjì gbáko. Ọyẹ́ bo ìlú, mò ń rìn nínú rẹ̀ bí ẹni tó ń lá àlá, àwọn ènìyàn á kí mi, n kò ní rí ojú wọn. Ní Challenge, lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń tú ẹ̀rọ ilé búrẹ́dì tó ti kógbá sílé, ni okùn mi ti bá ọ̀kan mu rẹ́gí. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Àléébù kan ló ní: òsì ló ń yí sí, ọ̀tún sì ni ayùn bàbá rẹ gbọ́dọ̀ yí sí. Láwùmí, ìwọ tí o kò mọ iṣẹ́ wa, gbọ́: bí ayùn bá yí síbi tó yẹ, nọ́ọ̀tì tó dì í mú kò ní tú, bí ó bá yí sódì, nọ́ọ̀tì á máa tú ara rẹ̀ ní díẹ̀díẹ̀. Mo mọ̀. Ipò wáyà méjì péré ni mo ní láti pààrọ̀ nínú rẹ̀ kí ó lè yí sọ́tùn-ún. Ṣùgbọ́n àárọ̀ Sátidé ni, àwọn àna mi ń retí mi, ó sì wù mí kí Díákónì yìn mí lọ́jọ́ náà gan-an. Ní Dùgbẹ̀, bí a bá ki wáyà bọ iná tí mọ́tò yí, gbogbo wa á kígbe, "A dúpẹ́ o!" Kò sí oníbàárà tó ń béèrè ibi tó ń yí sí. Túnráyọ̀, bàbá rẹ náà kò béèrè. Wọ́n gbàdúrà fún mi. Nígbà tí mo de mọ́tò náà mọ́ ayùn, tí wọ́n gbé òkúta sí i, epo ń ta sí wọn láyà, ibi tí kì í ta sí tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní, "Jóṣúà, kí ló dé tí epo ń bá mi ṣeré báyìí?" Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ara mọ́tò ló yá, sà. Màá padà wá wò ó lọ́jọ́ Ajé." Ọ̀lẹ ni mí, òpùrọ́ sì ni mí.

Ọjọ́ Ajé dé, n kò lọ. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ayùn náà já kúrò lórí ọ̀pá, ó sì fò lu bàbá rẹ lójú ọ̀tún. Ìwọ lo gbé wọn lọ sí ọsibítù. Ojú náà kò là mọ́.

Ká ní mo dúró níbẹ̀, àìbìkítà là bá pè é. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí ẹ ṣì wà lọ́sibítù, mo wọ ibi iṣẹ́ náà. Àwọn àgbá ṣì ń yí, ẹnikẹ́ni kò rántí pa wọ́n. Oòrùn ń gba ojú fèrèsé wọlé, eruku ń fò nínú rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, gbogbo ibẹ̀ tòrò bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Mo tú mọ́tò, mo pààrọ̀ wáyà méjèèjì. Ogún ìṣẹ́jú ni. Ogún ìṣẹ́jú péré, Túnráyọ̀! Nírọ̀lẹ́, tí àwọn àgbà ìjọ bá ọ wá wo ẹ̀rọ náà, mo tanná sí i. Mo ní, "Ẹ wò ó, sà, ibi tó yẹ kó yí sí náà ló ń yí sí. Nọ́ọ̀tì ni wọn kò mú le." Gbogbo wọn wá wò ọ́. O ní, "Bọ̀dá Jóṣúà, mo mú un le. Ọwọ́ méjèèjì ni mo fi di sípánà mú." Mo wo ojú rẹ, mo ní, "Bóyá o gbàgbé ni, àbúrò mi."

Láti ọjọ́ náà, o kò fọwọ́ kan òkúta mọ́. O lọ sílé ọkọ ní Akóbọ̀, o ń tẹ̀wé ní ọ́fíìsì. Ìgbàkigbà tí o bá wá kí bàbá rẹ, wọ́n á ní, "Túnráyọ̀, mo ti dárí jì ọ́ tipẹ́. Wá gba ayùn yìí lọ́wọ́ mi." Ìwọ á máa sunkún. Èmi á jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, màá máa mu omi tí o gbé fún mi. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kú lọ́dún tó kọjá.

Láwùmí, lọ́la, bá mi pe àwọn àgbà ìjọ wá, kí n tún un sọ lójú wọn. Túnráyọ̀, o mú nọ́ọ̀tì náà le. O kò ṣẹ bàbá rẹ. Ìdáríjì tí wọ́n ń fún ọ nígbà gbogbo yẹn, èmi ló tọ́ sí, mo sì jẹ́ kí o máa gbé e kiri. Mo bẹ̀ ọ́, ọmọ Adéróunmú, bí ó bá ṣì kù lọ́wọ́ rẹ, fún mi.