Ládánì àti Wáyà Inú Ògiri

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run Ọba tó ń rí ohun tó wà níta gbangba, tó sì ń rí ohun tí a fi sìmẹ́ńtì rẹ́ mọ́nú ògiri. Kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ máa bá Ànábì wa, ẹni tí àwọn tí kò gba tirẹ̀ gbọ́ pàápàá ń kó ẹrù wọn fún pé kó bá àwọn tọ́jú. Ẹ̀yin jàmáà mi, ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ wà lábẹ́ àtíbàbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ jókòó sórí ọ̀kadà yín bí ẹni tó fẹ́ sá lọ, títí kan ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe mùsùlùmí àmọ́ tí ẹ yà wá gbọ́ wa, mo kí gbogbo yín. Ọ̀rọ̀ àmánà ni mo bá wá lónìí, ìyẹn ohun tí ẹlòmíràn fi síkàáwọ́ wa. Àwa rò pé owó nìkan ni àmánà. Irọ́ ni. Bí wọ́n bá ní irin báyìí ni kí o fi de nǹkan, tí o wá fi òmíràn dè é, àmánà lo jẹ yẹn. Ẹ fọkàn bá mi lọ.

Ọkùnrin kan wà nílùú Ẹdẹ tó ń jẹ́ Lásísì. Òun ni ládánì mọ́sáláṣí àdúgbò wọn, òun ló ń pe ìrun. Ohùn tí Ọlọ́run fún un! Bí Lásísì bá pe ìrun Àsùbáà, ẹni tó ti pinnu pé òun kò ní í dìde á jí, ojú á sì tì í. Ẹja inú yìnyín ló ń tà nínú ìsọ̀ kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, òun àti ìyá rẹ̀ ni wọ́n sì jọ ń gbé. Súwébátù lorúkọ ìyá yìí, ṣùgbọ́n Ìyá Ládánì ni gbogbo èèyàn ń pè é. Arúgbó ni, tẹ̀súbáà kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Lásísì ní àbúrò obìnrin kan, Kúbúrà, tó ń ṣiṣẹ́ ní Àbújá. Nígbà tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í mú, Kúbúrà rántí ìyá tó ń fi omi tútù ṣe àlùwàlá láfẹ̀mọ́júmọ́, ó sì ra ẹ̀rọ tó ń mú omi gbóná, èyí tí wọ́n ń gbé kọ́ sára ògiri. Kò rà á lásán o. Ó béèrè lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n, ó sì ra gbogbo ohun tí wọ́n máa fi dè é: wáyà tó nípọn, àti irin gígùn tí wọ́n ń rì mọ́lẹ̀, tí àwọn oníwáyà ń pè ní áàtì. Bí iná bá ṣìnà, irin yẹn ló máa fà á wọ ilẹ̀ lọ, kó má bàa gba ara èèyàn kọjá. Ó kó gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́, ó sì pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí fóònù.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, gbogbo ẹ̀ ni kí wọ́n lò o. Wọ́n ní bí kò bá sí áàtì, ẹ̀rọ yẹn léwu."

"Kúbúrà, ṣé ìyá tìẹ nìkan ni? Fọkàn balẹ̀ jàre."

Ẹ wá gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Lákòókò yẹn gan-an ni Lásísì ra fírísà tuntun sí ìsọ̀ rẹ̀. Fírísà náà fẹ́ wáyà tó nípọn, òun náà fẹ́ áàtì. Lásísì wo wáyà tí àbúrò rẹ̀ fi ránṣẹ́, ó ń dán yinrin. Ṣàìtánì kò pariwo mọ́ ọn. Ṣàìtánì kì í pariwo. Ó kàn rọra sọ fún un pé, "Ìwọ náà ṣáà ni ọmọ ìyá. Ṣebí nínú ẹja yìí náà ni ìyá ń jẹ." Ẹ ò rí i pé àlàyé náà dùn létí?

Bùsárì oníwáyà dé. Lásísì ní kó lo wáyà tuntun àti irin náà fún fírísà. Ó wá fa wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, àjókù èyí tí wọ́n fi so fáànù nígbà kan, ó ní kó fi de ẹ̀rọ omi ìyá.

Bùsárì gbé e wò. "Bọ̀ọ̀dá, èyí tín-ín-rín jù. Áàtì ńkọ́?"

"Fi dè é bẹ́ẹ̀ ná. Màá ra tiẹ̀ tó bá yá. Ínṣá Àlláhù."

Ẹ jẹ́ ká dúró níbẹ̀ yẹn. Ínṣá Àlláhù! Ẹ̀yin èèyàn mi, kí la sọ gbólóhùn yẹn dà? Ẹni tó mọ̀ pé òun ń bọ̀ á ní "mò ń bọ̀." Ẹni tó mọ̀ pé òun kò ní í wá, òun ló máa fa ohùn gùn pé "Ínṣá Àlláhù." Ṣé orúkọ Ọlọ́run ló yẹ ká máa fi bo irọ́ mọ́lẹ̀? Ẹ ń rẹ́rìn-ín. Ara yín lẹ rí.

Bùsárì dè é bẹ́ẹ̀. Òun náà jẹ̀bi, mi ò ní í bò ó. Wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ojú ògiri, wọ́n kùn ún, ó lẹ́wà. Ta ló máa rí inú rẹ̀?

Ìyá Ládánì tan ẹ̀rọ omi, omi lọ́wọ́ọ́wọ́ jáde. Ó ṣàdúà fún Kúbúrà, ó ṣàdúà fún Lásísì, ó ṣàdúà fún Bùsárì tí kò mọ̀ rí. Ó lò ó fúngbà díẹ̀. Nígbà tó wá di àárọ̀ ọjọ́ kan, ó pe ọmọ rẹ̀.

"Àkànjí, jókòó. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò tíì sọ fẹ́nì kankan. Láìpẹ́ yìí, tí mo bá ti ní Bísímílàhì, tí mo tọwọ́ bọ omi yẹn, ọwọ́ mi á máa gbọ̀n jẹ́jẹ́, bí ẹni pé èèrà ń rìn lábẹ́ awọ mi. Bí mo bá ti pa ẹ̀rọ omi, á lọ."

Lásísì sún mọ́ ọn. "Ṣé ó ń dùn yín ni, Màámi?"

"Ó ń dùn mí kẹ̀? Mọ̀láíkà ni! Ṣebí Ààfáà sọ ọ́ ní wáàsí pé mọ̀láíkà kì í jìnnà sí ẹni tó bá ń ṣe àlùwàlá. Wọ́n ń di ọwọ́ mi mú ni, ọmọ mi. Èmi arúgbó báyìí! Kí ni mo ṣe fún Ọlọ́run?" Omi sì bọ́ lójú rẹ̀.

Ẹ̀yin jàmáà, ká ní ẹ̀yin ni Lásísì, kí ni ẹ ò bá sọ? Nígbà tí ìyá jáde, Lásísì yọ́ lọ sídìí omi, ó ṣí i, ó tọwọ́ bọ̀ ọ́. Iná gbé e dé ìgúnpá. Ó fò sẹ́yìn, ó forí sọ ilẹ̀kùn. Wáyà tó fà yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló di mọ̀láíkà fún ìyá rẹ̀.

Kí ló dé tí kò tún un ṣe lọ́jọ́ náà? Fírísà kún fún ẹja, bó bá tú wáyà rẹ̀, ẹja á rà. Bó bá sì fọ́ ògiri, ìyá á béèrè ìdí. Kí ló fẹ́ sọ? Ọ̀rọ̀ wá di ẹja gbígbẹ tí kò ṣeé ká. Ó gbìyànjú díẹ̀. Ó ní, "Màámi, ẹ jẹ́ ká máa fi omi bútà ṣe é ná." Ìyá wò ó tìyanu-tìyanu. "Kí n wá kọ mọ̀láíkà sílẹ̀, Àkànjí?" Lásísì ní ó di ọ̀la. Ọ̀la dé, ó tún ní ó di ọ̀la.

Ẹ wá wo bí Ọlọ́run ṣe mú un. Ta ló ń pe ìrun? Lásísì ni. Ìpè tirẹ̀ ló ń gbé ìyá dìde lórí ibùsùn, ìpè tirẹ̀ ló ń darí rẹ̀ sídìí omi yẹn. Bó bá ti dé ibi tó ti ń sọ pé "ẹ wá síbi ìrun," létí ara rẹ̀ ló ń gbọ́ ọ pé, "Ìyá mi, ẹ wá fọwọ́ kan iná." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré pe ìrun bí ẹni tí ajá ń lé. Bó bá parí, á sáré lọ yọjú sílé bóyá ìyá ṣì wà láàyè, á sì sáré padà wá tò sí sàfù ìrun láìmí dáadáa. Àwọn èèyàn rí i, wọ́n ní, "Ọmọ rere ni ládánì wa yìí o, kì í gbàgbé ìyá rẹ̀." Ìyìn yẹn dun Lásísì ju iná tó gbé e lọ. Ojú ń tì í, ẹ̀rù ń bà á, síbẹ̀ kò sọ̀rọ̀.

Ṣé ayọ̀ ṣeé gbé mì? Ìyá kò lè pa tirẹ̀ mọ́ra. Lọ́jọ́ Àìkú kan, ó sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbi àdúrà àsàlátù. Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n pe ìrun Ayílà ọ̀sán, Lásísì ti wà nídìí ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó sì gba ojú fèrèsé rí àwọn ìyá tí wọ́n wọ funfun, tí wọ́n ń tò wọ ilé rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn pọn ọmọ ọmọ rẹ̀.

"Níbo ni wọ́n ń lọ?" Ó bi bàbá kan tó jókòó tì í.

"O ò gbọ́ ni? Wọ́n ní mọ̀láíkà wà nídìí omi Ìyá. Wọ́n ní bí o bá ti ń pe ìrun, àwọn máa di ara wọn lọ́wọ́ mú, Ìyá á wá fi ọwọ́ kan omi, kí àlùbáríkà náà lè kàn wọ́n."

Lémọ́ọ̀mù mi orí sí i pé àkókò ti tó. Ẹ̀yin èèyàn, ọkùnrin yìí tún bẹ̀rẹ̀ ìpè náà! Ìtìjú burú, ìtìjú lè mú kéèyàn máa rìn lọ sínú kànga tó ń rí lójú. Ó pe "Àlláhù Àkúbárù." Ó jẹ́rìí sí Ọlọ́run, ó jẹ́rìí sí Òjíṣẹ́ Rẹ̀. Ó wá dé "ẹ wá síbi ìrun," ohùn sì kú sí i lọ́nà ọ̀fun. Nígbà tí ohùn máa jáde, igbe ni.

"Màámi! Ẹ má fọwọ́ kan omi yẹn! Kì í ṣe mọ̀láíkà, iná ni! Èmi ni mo jí wáyà yín! Èmi ni!"

Ládánì ló sọ ọ́ o, nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, lójú sánmà. Ẹni tó ń se ọbẹ̀ gbọ́, ẹni tó ń sùn gbọ́. Ó sáré láìwọ bàtà, ó já wọlé, ó pa iná ilé. Àwọn ìyá dúró sórí ilẹ̀ tútù, wọ́n ṣì di ara wọn lọ́wọ́ mú. Ọwọ́ Ìyá Ládánì wà lókè omi tó ń ṣàn, kò tíì kàn án.

Ìyá rọra fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. "Àkànjí, lọ́jọ́ tí mo sọ fún ọ, tí mo ń sunkún, o ti mọ̀?"

"Mo mọ̀, Màámi."

Ìyá kò ṣépè, kò pariwo. Ká ní ó gbá a létí, ara ì bá tu Lásísì. Ohun tó sọ ni pé, "Lọ parí ìpè rẹ. Àkókò ìrun ń lọ."

Ó padà lọ, ó bẹ̀rẹ̀ ìpè náà látìbẹ̀rẹ̀, ẹkún ló sì fi parí rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó kó ẹja inú fírísà fún àwọn ará àdúgbò lọ́fẹ̀ẹ́, Bùsárì tú wáyà fírísà, ó fọ́ ògiri, ó fi wáyà tòótọ́ sí i, ó ri áàtì mọ́lẹ̀. Wọ́n ní kí ìyá wá dán an wò. Ó ní Bísímílàhì, ó tọwọ́ bọ omi, ó sì fi í síbẹ̀ pẹ́, bí ẹni tó ń retí àlejò. Lásísì dúró lẹ́nu ọ̀nà. Omi lọ́wọ́ọ́wọ́, kò sí ewu kankan níbẹ̀. Ìyá wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

Ó ní, "Wọn ò sí níbẹ̀ mọ́." Ó wá parí àlùwàlá rẹ̀.

Ẹ̀yin ará mi, a lè fọ́ ògiri, a lè pààrọ̀ wáyà. Kí ni Lásísì fẹ́ fi pààrọ̀ ohun tó gbà kúrò lọ́kàn ìyá yẹn? Mọ̀láíkà wà níbẹ̀ lóòótọ́ o! Wọ́n ń kọ ọpẹ́ ìyá sílẹ̀, wọ́n sì ń kọ wáyà ọmọ. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún mi, báwo ni ìyá á ṣe tún gbà gbọ́ pé wọ́n wà níbẹ̀? Ìwọ tí o ń gbọ́ mi, tí wọ́n ní kí o ra ojúlówó tí o ra gbàrọgùdù, ìwọ tí o sọ pé ó di ọ̀la, ta ló ń fi ọwọ́ kan ohun tí o dè báyìí? Dìde lọ tú u. Bó bá gba pé kí ojú tì ọ́, jẹ́ kó tì ọ́ láyé.

Ọlọ́run Ọba, Ìwọ tí ògiri kò bo nǹkan kan fún, fi ọ̀nà mọ̀ wá. Bí a bá ti jẹ àmánà, fún wa ní ẹnu tí a ó fi sọ ọ́ kí ọwọ́ ẹni tó fọkàn tán wa tó kan iná. Gba túúbá wa. Kí O sì tu àwọn ìyá wa nínú lórí gbogbo ohun tí a ti fi bà wọ́n lọ́kàn jẹ́, èyí tí àwa fúnra wa kò lè tún ṣe. Àmín.