Ìrọ̀rí Abẹ́ Orúnkún Télọ̀

Ẹ̀yin tí a jọ ń fi orúnkún tuntun kọ́ ìrìn, ẹ fetí sílẹ̀. N kò ní sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹsẹ̀ Télọ̀ tí ẹ rò pé irin inú rẹ̀ ni kò dára, èmi ni mo bà á jẹ́. Ọ̀rọ̀ náà ti rà sí mi nínú. Ẹ jẹ́ kó jáde.

Ẹ mọ̀ pé ọjọ́ kan náà ni wọ́n yọ orúnkún ògbólógbòó wa, tí wọ́n fi tuntun sí i. Akunlé ni mí. Orí àkàbà ni mo ti lo tèmi gbó. Òun lo tirẹ̀ gbó nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ ẹlẹ́sẹ̀. Láti kékeré la ti ń bá ara wa figagbága. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹni tó bá kọ́kọ́ ju ọ̀pá ìtilẹ̀ nù ló borí. A ò sọ ọ́, ṣùgbọ́n a mọ̀. Ẹsẹ̀ Télọ̀ ń ká bí aṣọ. Tèmi gan. Obìnrin tó ń kọ́ wa, tí a sọ ní Tẹ̀-ẹ́-sí-i, á tẹ̀ ẹ́ títí omi á fi bọ́ lójú mi. Télọ̀ á ní, “Akunlé, ṣé o gbàgbé àkàbà sínú ṣòkòtò ni?” Gbogbo yín á bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà á rín in, àmọ́ eyín lásán ni.

Lọ́jọ́ tí òtútù mú Télọ̀ tí kò lè wá, Tẹ̀-ẹ́-sí-i rán mi sí i. “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún wọn pé tí wọ́n bá dùbúlẹ̀, abẹ́ gìgísẹ̀ ni kí ìrọ̀rí wà. Kó má dé abẹ́ orúnkún o. Á tù wọ́n lára, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ á gan síbẹ̀, kò ní í nà mọ́.” Mo ní mo gbọ́. Mo dé ọ̀dọ̀ Télọ̀, mo ní, “Wọ́n ní kó o fi ìrọ̀rí sábẹ́ orúnkún.” Ìyàwó rẹ̀ ló gbé e síbẹ̀. Télọ̀ mí kanlẹ̀. “Háà, ọ̀rẹ́ mi, Ọlọ́run á tọ́jú ẹ.” Àdúrà ló ń ṣe fún mi. Nígbà tí Tẹ̀-ẹ́-sí-i bi í bóyá ó ń lo ìrọ̀rí, ó ní òun ń lò ó dáadáa. Obìnrin náà kò bi í níbi tó gbé e sí.

Bí tirẹ̀ ṣe ń le ni tèmi ń rọ̀. Kí n má purọ́, ó dùn mọ́ mi! Mo ju ọ̀pá nù. Mo gun kẹ̀kẹ́, atẹ́gùn ń fẹ́ sí mi lójú! Mo gun àkàbà, mo ń kun òkè fèrèsé ọmọ mi obìnrin, òun ń pariwo nísàlẹ̀, “Bàámi, ẹ sọ̀ kalẹ̀!” Orin ni mò ń kọ. Télọ̀ ń tiro. Ó bi mí, “Ṣé kì í ṣe ìrọ̀rí yìí ló ń ṣe mí báyìí?” Mo wò ó lójú. Mo ní, “Ọ̀kan ló kéré. Fi èkejì kún un.” Ó fi kún un. Ti àkọ́kọ́, ìlara ni. Èyí kò lórúkọ.

Àná, ìyàwó rẹ̀ pè mí lórí fóònù. Dókítà ní irin náà ni kò bá a lára mu, àfi kí àwọn tún orúnkún là, kí àwọn pààrọ̀ rẹ̀. “Wọ́n ti fẹ́ máa tì í wọ yàrá iṣẹ́ abẹ báyìí. Ẹ bá wa gbàdúrà.” N kò gbàdúrà. Mo sáré. Mo ní mo sáré! Àwọn èèyàn ń yà fún mi lójú títì. Mo gba àtẹ̀gùn ilé ìwòsàn ní méjì méjì. Mo bá wọn lẹ́nu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ abẹ, mo di bẹ́ẹ̀dì mú. “Ẹ má là á! Ìrọ̀rí ni! Èmi ni mo parọ́ fún un!”

Dókítà bi mí léèrè, mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó ní ó dáa, kí wọ́n kọ́kọ́ gbìyànjú láti fi ìdárayá nà án; yóò pẹ́, yóò sì dùn ún. Mo dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀. Télọ̀ ní, “Dìde. Jẹ́ kí ẹsẹ̀ yìí nà ná. Mo fẹ́ fi ta ẹ́ nípàá.”

Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. Láàárọ̀ yìí, mo bá Tẹ̀-ẹ́-sí-i tẹ ẹsẹ̀ náà, ó nà díẹ̀. Ọjọ́ tó bá nà tán, tí ẹ rí Télọ̀ tó ń bọ̀ wá bá mi, kí ẹnikẹ́ni má dì í mú. Èmi náà ò ní sáré.