Bethany Ló Kọ́kọ́ Gbọ́

Àsúmáù, má gé fóònù yìí o, tó o bá gé e màá tún pè, mo ṣì jókòó sí bọ́ọ̀sì stop ní abúlé àwọn òyìnbó níbí, kúlà oúnjẹ ọmọ ẹ wà lórí itan mi, mọ́ínmọ́ín mẹ́wàá, ó ti tutù. Diméjì ò sí ńlé. Ilé ti ṣófo, kọ́tìnì pàápàá ò sí lójú fèrèsé. O mọ̀, àbí?

Ó dáa. O mọ̀.

Bethany ló sọ fún mi, ìyá àgbà òyìnbó tó ń gbé ilé kejì. Ó ní ṣé mi ò gbọ́ ni, pé àwọn ọ̀gá ẹ̀ nínú iṣẹ́ sójà Amẹ́ríkà ti ní kó padà sọ́hùn-ún, létà ẹ̀ ti jáde láti oṣù mẹ́ta, Sunday ni gbogbo àdúgbò se kéèkì kí wọ́n fi dágbére fún un, pé inú bárékè ló ń sùn báyìí, Thursday ló ń fò. Ó wá po tíì fún mi, ó ń wò mí bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀.

Oṣù mẹ́ta. Gbogbo ìgbà tó ń sọ pé, "Mummy Peckham, mo wà ní training," ẹrù ló ń dì. Ọmọ tó ń wá sùn sílé mi fún ọdún mẹ́ta, tó jẹ́ pé èmi ni mo jókòó tì í nínú mọ́tò káàkiri Lewisham títí tó fi yéé wa mọ́tò gba ọwọ́ ọ̀tún bíi ti Amẹ́ríkà. Ìwọ lo fi lé mi lọ́wọ́ o, o ní, "Mìsítúrà, mi ò ní ẹlòmíì níbẹ̀."

Kí lo sọ? Ayé le?

Ta wá ni ayé? Mo mọ̀ pé èèyàn kì í sọ̀rọ̀ ìrìn-àjò títí ẹsẹ̀ ẹ̀ á fi kan ilẹ̀, kí aráyé má bàa dí i lọ́nà. Muṣin kan náà la jọ gbé. Nígbà tí fíísà tèmi jáde, ìyá mi ò mọ̀, àbúrò mi ò mọ̀, ìwọ nìkan ni mo sọ fún. Ìwọ nìkan, Àsúmáù.

Tìẹ wá kàn, ẹ kó òyìnbó tí ò lè pe orúkọ ọmọ ẹ já geere sápá àwọn tó lè gbọ́, ẹ kà mí mọ́ àwọn tó lè ṣe é níbi. Èmi.

Má sunkún sí mi létí. Mi ò bẹ̀ ẹ́ ní ẹkún.

Bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí bárékè á dé ní aago mẹ́ta. Pe Diméjì, kó jáde wá sí géètì, kí n gbọ́wọ́ lé e lórí kí n ṣàdúà fún un, kó gba oúnjẹ ẹ̀. Tí ò bá jáde, mò ń padà sí Peckham nìyẹn. Tó bá wá gúnlẹ̀ sọ́dọ̀ ẹ ní Amẹ́ríkà tán, má pè mí pé ó ti dé láyọ̀. Bethany ni kó o pè. Màá fi nọ́ńbà ẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹ.