Òdòdó Bàbá Nínú Kọ̀ǹpútà

Ṣé o lè ṣàlàyé fún mi bí ẹrù ṣe ń kúrò lọ́jà, tí ẹni tó ti fowó ara ẹ̀ rà á ò ní lè rí i gbà mọ́? Jókòó, ọmọ mi, má tíì wo aago. Ìwé ni mi ò kà, mo mọ ohun tó ń jẹ́ ọjà.

Bàbá yín, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un, fẹ́ràn ọjà inú kọ̀ǹpútà yẹn, èyí tí àwọn tó ṣe kọ̀ǹpútà fúnra wọn ń ṣọ́. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, ó dáa. Nígbà tí a ń gba áàpù kiri lọ́wọ́ àwọn ará ojú títì, ṣé kòkòrò inú kọ̀ǹpútà ò jẹ gbogbo iṣẹ́ wa tán? Àtìgbà tó ti ń rà níbẹ̀ lọ́kàn wa ti balẹ̀. Ibẹ̀ ló ti ra áàpù tó fi ń ya ọnà tí ẹ̀rọ wa ń fi òwú rán. Òun ló fi ya òdòdó ọrùn aṣọ ìgbéyàwó ọmọ rẹ, lórí àga yìí, tí ikọ́ ò jẹ́ kó sinmi. Ó ní ó ku ewé kan. Ewé yẹn náà ló kù títí dòní.

Láàárọ̀ yìí mo tan kọ̀ǹpútà, mo ní kí n rán an. Òdòdó wà níbẹ̀, áàpù tó lè ṣí i ò sí. Mo ṣépè fún ọjà tí mi ò fẹsẹ̀ dé rí, títí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu mi. Mo ké sí ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ó ní ẹni tó ṣe áàpù náà bá àwọn ọlọ́jà jà, ó ti palẹ̀ ẹrù ẹ̀ mọ́, kò sì tà á níbòmíì. Mo ní, wọ́n wá wọlé mi wá kó tèmi ni? Ó ní rárá o, ìyá, èyí tó ti wà nínú kọ̀ǹpútà yín, wọn ò fọwọ́ kàn án. Ẹnìkan ló yọ ọ́, torí kọ̀ǹpútà á kọ́kọ́ bi onítọ̀hún pé, "Ṣé ó dá ẹ lójú?"

Ó dá a lójú. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà.

Èmi, àwòrán ojú kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣí nǹkan nìkan ni mo mọ̀ ọ́n tẹ̀, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń yọ áàpù. Bàbá yín ti wà nínú ilẹ̀. Ta ló wá jókòó síbí lọ́jọ́ ìsinmi, tó ní kọ̀ǹpútà ti ń falẹ̀, òun á gbá inú ẹ̀ mọ́, pé ohun téèyàn bá ti rà lọ́jà yẹn, ìgbàkígbà ló lè gbà á padà? Mo gbé omi tútù fún un. Mo tún ní ó ṣeun.

Gbójú sókè. Ọmọ rẹ ń bọ̀ wá bi mí pé òdòdó bàbá àgbà dà, mi ò sì ní pe ọjà kankan lórúkọ fún un. Ìwọ ni, àkọ́bí mi.